Lílo Ọ̀rọ̀ "Yes" Bí Ó Ti Tọ́

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn tí ó gùn, tí pípè wọn le, tí kíkọ wọn sílẹ̀ sì ń ni ènìyàn lára. Irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a ń wá nínú ìwé atúmọ̀ èdè, àwọn ni a ń kọ́ sórí lóru, àwọn náà ni a sì fẹ́ràn láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú àròkọ wa. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ọ̀rọ̀ tí ó ń fi àwa Yorùbá hàn bí àlejò nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì jù lọ kò sí lára wọn. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni a fi kọ ọ́. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun ni ọmọdé kọ́kọ́ ń gbọ́ ní ọjọ́ tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "Yes." Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ni kò fi sí ẹni tí ó ń kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì kíkí. Olùkọ́ bi ọmọ kan léèrè pé, "Have you not done your sums?" Ọmọ náà kò tíì ṣe ìṣirò rẹ̀, kò sì fẹ́ purọ́. Ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Yes, sir." Bí olùkọ́ náà bá ń fi etí Yorùbá gbọ́ ọ̀rọ̀, yóò yé e, yóò sì bá ọmọ náà wí nítorí iṣẹ́ tí kò ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Òyìnbó, tàbí Yorùbá tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ lára, ohun tí ó gbọ́ ni pé ọmọ náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ó mú ìwé wá. Ìwé dé, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà wá di méjì: ó ya ọ̀lẹ, ó sì tún purọ́. Ìyà ọ̀lẹ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ti irọ́ yìí, ẹni tí ó sọ òtítọ́ ni a fi jẹ́ òpùrọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mú kálámù láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, a kò kọ ọ́ nítorí fáàrí gírámà.

Níbo ni àṣìṣe náà ti wá? Inú èdè tiwa ni ó ti wá, kì í sì í ṣe láti inú àìgbọ́n. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí àwa ń wí, ìtumọ̀ rẹ̀ hàn gbangba nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ ọ: ọ̀rọ̀ náà rí bí ìwọ ti sọ ọ́. "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ni ìdàkejì rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà kò rí bí ìwọ ti sọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń dáhùn ní èdè Yorùbá, ẹnu ẹni tí ó bi í léèrè ni ó ń wò. Bí a bá wí fún un pé, "Ṣé o jẹun?" yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo jẹun." Bí a bá sì wí fún un pé, "Ṣé o kò jẹun ni?" tí ebi sì ń pa á, yóò tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò jẹun." Ó gbà pé òótọ́ ni èrò ẹni tí ó béèrè. Bí ó bá ti jẹun, yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti jẹun," nítorí pé ẹni tí ó béèrè ti ṣi èrò rò. Ètò yìí gún, kò sì sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

"Yes" ti Gẹ̀ẹ́sì kì í wo ẹnu ẹni tí ó béèrè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ó ń wò. Bí ènìyàn bá ti jẹun, "Yes" ni. Bí kò bá tíì jẹun, "No" ni. Bí ó ti wu kí a gbé ìbéèrè náà kalẹ̀. "Have you eaten?" àti "Have you not eaten?" jẹ́ ìbéèrè méjì, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan náà ni Òyìnbó ní fún méjèèjì. Ní tiwa, ìdáhùn méjì tí ó kọjú ìjà sí ara wọn ni wọ́n ń gbà.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí àṣìṣe náà ń fara pamọ́ sí. Nígbà tí "not" kò bá sí nínú ìbéèrè, "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "Yes" bá ara wọn mu, "Bẹ́ẹ̀ kọ́" àti "No" sì bá ara wọn mu. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ìwé kíkà àwọn ọmọdé. Nítorí náà, olùkọ́ a kọ́ ọmọ pé "Yes" ni "Bẹ́ẹ̀ ni," yóò sì dà bí ẹni pé ẹ̀kọ́ náà pé. Ọjọ́ tí ìbéèrè tí ó ní "not" bá dé ni ilé tí a kọ́ sórí iyanrìn yìí yóò wó, ọmọ náà kò sì ní mọ ohun tí ó wó o.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èdè Yorùbá nìkan ni ó ń tọ ọ̀nà yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Japan ń dáhùn: "hai" tiwọn ń gba ohun tí ẹni tí ó béèrè wí, gẹ́gẹ́ bí "Bẹ́ẹ̀ ni" tiwa. Àwọn èdè mìíràn ní Yúróòpù pàápàá rí i pé ọ̀rọ̀ méjì kò tó fún iṣẹ́ yìí. Faransé ní "oui" àti "non," ó sì tún ní ẹ̀kẹta, "si," tí a ń lò nígbà tí a bá fẹ́ bi ọ̀rọ̀ tí "kò" wà nínú rẹ̀ ṣubú. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tí ó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kàwé, mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwọn ará Jámánì náà ní "doch" fún irú iṣẹ́ kan náà, yàtọ̀ sí "ja" àti "nein."

Èyí tí yóò yà àwọn òǹkàwé wa lẹ́nu jù ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin rí. Nígbà náà, "yea" àti "nay" ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè tí "not" kò sí nínú rẹ̀, "yes" àti "no" ni wọ́n sì fi ń dáhùn èyí tí ó ní "not." Ní ọdún 1526 ni William Tyndale tẹ Májẹ̀mú Titun jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní orí kìíní ìwé Ìhìn Rere ti Jòhánù, ní ibi tí a gbé bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè bí òun ni wòlíì náà, Tyndale fi "no" sí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí Thomas More kọ̀wé ta kò ó ní ọdún 1532, lára ohun tí ó fi bá a wí ni pé "nay" ni ì bá kọ níbẹ̀, nítorí pé ìbéèrè náà kò ní "not." Ọ̀mọ̀wé ńlá ni More, ìjòyè ọba sì ni pẹ̀lú. Síbẹ̀, bí ó ti ń la òfin náà sílẹ̀ fún Tyndale, òun fúnra rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kan sí ipò èkejì, ó sì pẹ́ gidigidi kí àwọn onímọ̀ tó ṣàkíyèsí pé òfin tí ó kọ àti àpẹẹrẹ tí ó fi tì í lẹ́yìn kò bá ara wọn mu.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé bí àwọn tí wọ́n ni èdè bá lè ṣìnà báyìí nínú ọ̀rọ̀ kékeré, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ Yorùbá ṣe ẹlẹ́yà. Èkejì ni pé iṣẹ́ tí a yàn fún "yes" ní àtijọ́ ni láti dìde sí "not," kí ó sì tú u ká. "Yea" àti "nay" ti lọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n "yes" kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé, "You have not paid," tí a sì dá a lóhùn pé, "Yes," ohun tí yóò gbọ́ títí di òní ni pé, "Irọ́ ni, mo ti san án." Ibi tí àwa ti ń fi "Yes" gba ọ̀rọ̀ ni ó ti ń jà fún Òyìnbó.

Báwo ni kí a ṣe kọ́ ọmọ? Ọ̀nà mẹ́ta ni àwa mọ̀ tí kò ṣòro. Èkíní, kí ọmọ kọ́ láti yọ "not" kúrò nínú ìbéèrè lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó dáhùn. Bí a bá ní, "Did you not hear the bell?" kí ó ṣe bí ẹni pé, "Did you hear the bell?" ni a wí. Bí ó bá gbọ́ ọ, "Yes, I did." Bí kò bá gbọ́ ọ, "No, I did not." Bí a bá ní, "Is your father not at home?" tí baba sì ti lọ sí oko, "No, sir, he is not." Bí a bá ní, "Is Ibadan not a large town?" ta ni yóò jiyàn? "Yes, it is."

Ọ̀nà kejì ni kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kí ó parí gbólóhùn rẹ̀, kí "Yes" tàbí "No" sì bá ìyókù gbólóhùn náà rẹ́. "Yes" kì í bá "not" gbé inú ìdáhùn kan náà. "No" ni ó ń bá a gbé. Nítorí náà, "Yes, I have not" kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni "No, I have" kì í ṣe é. Ọmọ tí ó bá mọ èyí lè fi etí ara rẹ̀ mú àṣìṣe rẹ̀ kí olùkọ́ tó mú un.

Ọ̀nà kẹta, èyí tí ó dára jù lójú wa, ni kí olùkọ́ wá ọ̀rẹ́ fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà nínú Yorùbá, kí ó sì yan ọ̀rẹ́ tí ó tọ́. A ti ń so "No" mọ́ "Bẹ́ẹ̀ kọ́," ṣùgbọ́n "Rárá" sún mọ́ ọn jù. "Rárá" fẹ́ràn láti bá "kò" rìn: a ń wí pé, "N kò lọ rárá," a sì tún ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn wa máa wí pé, "Rárá, n kò tíì jẹun," láìsí àléébù. Kí a sọ fún ọmọ pé níbi tí "Rárá, n kò" bá ti bá a lára mu, "No" ni kí ó fi síbẹ̀. Ní ti "Yes," kí a má ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan, kí a fi ọ̀rọ̀ ìṣe kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ti máa ń dáhùn: "Ṣé o lọ?" "Mo lọ." Ẹni tí ó bá lè wí pé, "Mo lọ," òun ni ó lè wí pé, "Yes."

Ìdáhùn sí ìbéèrè nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí ẹnìkan bá wí pé, "It did not rain last night," tí àwa náà sì mọ̀ pé òjò kò rọ̀, "No, it did not" ni a ó fi bá a gbà á. Ó ṣòro fún wa láti fi "No" gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ó sì tún ku ọ̀rọ̀ "mind." Bí olùkọ́ bá wí pé, "Would you mind shutting the door?" ohun tí ó ń béèrè ni bóyá yóò ni ènìyàn lára láti ti ìlẹ̀kùn. Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa yóò fò dìde, yóò ní, "Yes, sir," yóò sì sáré lọ tì í. Ẹnu rẹ̀ kọ iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ. "No, sir," tàbí "Not at all, sir" ni ìdáhùn ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti ṣe é.

A gbà pé ìdí mìíràn wà tí "No" fi wúwo lẹ́nu wa, ìdí náà sì ni ẹ̀kọ́ ilé. A kì í kọ́ ọmọ láti dojú "Bẹ́ẹ̀ kọ́" kọ àgbà. Bí àgbà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ pàápàá, ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ a kọ́kọ́ ní, "Ẹ má bínú, sà," kí ó tó sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, "No, sir" a máa dún létí rẹ̀ bí àfojúdi, yóò sì yá a lára láti wí pé, "Yes, sir," kí àlàáfíà lè wà. Olùkọ́ tí kò bá mọ èyí yóò fi ọdún púpọ̀ kọ́ òfin gírámà ní asán. Ó yẹ kí a là á yé ọmọ pé "No" ti Gẹ̀ẹ́sì kò ta ko ẹni tí ó béèrè. Ìbéèrè nípa nǹkan ni ó ń dáhùn. Nígbà tí ó bá wí pé, "No, sir, I have not," pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó bá àgbà náà gbà ni. Inú ohùn àti inú "sir" ni ọ̀wọ̀ wà.

Àwọn kan lè wí pé ariwo wa ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ kékeré. Wọ́n lè ní, "Bí àwa Yorùbá bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wa, ṣebí a ń gbọ́ ara wa yé?" Wọ́n sì lè fi kún un pé Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa tó láti mú àwọ̀ ilẹ̀ wa. A kò bá wọn jiyàn lórí èyí pátápátá. Bí ènìyàn bá kọsẹ̀, tí a sì wí fún un pé, "Sorry," gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́," Òyìnbó lè ṣe kàyéfì pé àwa kọ́ ni a fi òkúta síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ní tiwa, kí "Sorry" bẹ́ẹ̀ máa bá wa gbé. Ti "Yes" yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó lè túmọ̀ sí "mo ṣe é" lẹ́nu ẹnìkan, tí ó sì lè túmọ̀ sí "n kò ṣe é" lẹ́nu ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ tí kò dúró sí ibì kan ni.

Ibi tí ó sì ti léwu kì í ṣe inú kíláàsì. Ẹ rò ó wò, bí nọ́ọ̀sì bá bi aláìsàn pé, "You have not taken your medicine today?" tí aláìsàn sì ní, "Yes," tí nọ́ọ̀sì kọjá lọ sí ẹní tí ó kàn. Ẹ rò ó wò, bí a bá bi ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní kóòtù pé, "Were you not in the market that night?" tí ó sì fi gbogbo òtítọ́ ọkàn rẹ̀ dáhùn pé, "Yes," nítorí pé kò sí ní ọjà ní òru náà. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà pé òun wà níbẹ̀. Bí ó bá ní ògbufọ̀, ògbufọ̀ lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà fẹ́ ògbufọ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwa fún un ni ó mú kí ó máa dá sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ náà sì ni kò pé.

Àwọn mìíràn yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn yóò ní kí a kúkú kọ́ ọmọ láti máa dáhùn Yorùbá bí Òyìnbó, kí ọ̀nà lè di ọ̀kan. Èyí ni àwa kò lè gbà. "Bẹ́ẹ̀ ni" tiwa péye ní ààyè rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ní láti fi gbólóhùn gígùn ṣe. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé èdè méjèèjì ní òfin tiwọn, tí ó sì mọ ibi tí òfin méjèèjì ti pínyà, ti gba ẹ̀kọ́ méjì ní owó ẹyọ kan. Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ kò tíì múra tán fún iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Yóò rí àṣìṣe, ṣùgbọ́n kò ní rí orírun rẹ̀.

Ní ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ wa kàn àwa tí ń béèrè ju àwọn tí ń dáhùn lọ. Àwọn baba wa ní abèèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè ní wíwọ́ lè mú ara rẹ̀ àti ẹni tí ń dá a lóhùn ṣìnà. "Have you not done your sums?" ti ní ìbáwí nínú kí a tó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Kí ni ó dé tí a kò fi wí pé, "Have you done your sums?" kí ọmọ lè dáhùn ní tààrà? Kí a fi ìbéèrè tí ó ní "not" sí àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀, nígbà tí a bá ti la ọ̀nà rẹ̀ fún ọmọ, kí a má ṣe fi í dẹ ẹ́ ní àkókò tí ẹ̀rù ń bà á.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó jáde lọ, a ó sì máa dá dúró níwájú kíláàsì. Bí ọmọ kan bá wí fún wa pé, "Yes, sir," tí ìwé rẹ̀ sì ṣófo, ẹ jẹ́ kí a tún bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ní èdè Yorùbá, kí a tó pè é ní òpùrọ́.